Oko Tí A Dá fún Ara Wa

Ìyá ìyàwó mi fi ọ̀rọ̀ lù mí bolẹ̀ níṣojú gbogbo ìlú wa, Lougba, lọ́jọ́ kan, inú mi sì ń dùn sí i títí dòní. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ṣì ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Bí mo bá fẹ́ jiyàn jù nínú ìpàdé báyìí, ẹnì kan á kàn wúkọ́, á ní, "Ṣé kí á ránṣẹ́ pe Màmá ni?" Gbogbo wọn á sì bú sẹ́rìn-ín.

Àgbẹ̀ ni mí. Iṣu, àgbàdo àti kajú ni mò ń gbìn. Mo gbé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Savalou fún ọdún mélòó kan, mo ka ìwé díẹ̀ níbẹ̀, mo sì gbọ́ Faransé tó ìwọ̀n tí mo lè fi ka lẹ́tà fún ẹni tí kò lè kà á. Nítorí náà, bí òṣìṣẹ́ kan bá wá sí ìlú wa, èmi ni wọ́n máa ń pè láti túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí èdè Ìṣà tí à ń sọ. Iṣẹ́ náà kò lówó nínú, ṣùgbọ́n iyì wà níbẹ̀, mo sì fẹ́ràn iyì. Ohun mìíràn tí mo fẹ́ràn ni kí ayé mọ̀ pé èmi kì í ṣe ọ̀lẹ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, mo ti wà lójú ọ̀nà oko. Ẹni tí oòrùn bá bá lórí ẹní láìṣe pé ó ń ṣàìsàn, mi ò lè fi ojú rere wò ó nígbà náà.

Ní àkókò tí òjò ń palẹ̀ mọ́, tí kálukú ń pọ́n ọkọ́ rẹ̀ de ebè tuntun, obìnrin kan gun alùpùpù wá bá wa láti Savalou. Àwọn tó ń rí sí ètò ìlera ló rán an. Ó jókòó sábẹ́ àtíbàbà iwájú ilé baálẹ̀, ó mu omi, ó sì jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ó ní wọ́n fẹ́ kí gbogbo ènìyàn ní káàdì ìtọ́jú, kó má ṣe jẹ́ pé ohun tó wà lápò aláìsàn ni yóò máa pinnu bóyá á yè tàbí kò ní yè. Ṣùgbọ́n kí ètò náà tó lè dúró, olúkúlùkù ní láti máa dá owó lóṣooṣù, lórí ara rẹ̀ àti lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bá ní.

Mo ń túmọ̀ rẹ̀ lọ geere títí mo fi kan ọ̀rọ̀ Faransé tí wọ́n fi ń pe ètò náà, assurance. Mo wá ọ̀rọ̀ tó bá a mu. Mo ní, "Ìdánilójú ni wọ́n ń pè é."

Baálẹ̀ bi mí pé, "Ìdánilójú kí ni?"

"Pé bí ẹ bá ṣàìsàn, wọ́n á tọ́jú yín, Bàbá."

"Ta ni yóò sanwó?"

"Àwa náà ni. Kí á tó ṣàìsàn."

Ibẹ̀ ni ariwo ti bẹ̀rẹ̀. Àgbàlagbà kan tó jókòó ti baálẹ̀ dìde, ó na ọ̀pá rẹ̀ sókè. Ó ní, "Ẹ yọ mí kúrò níbẹ̀ o! Ẹni tó bá tẹ́ ẹní de àìsàn, àìsàn á wá sùn síbẹ̀."

Ìyàwó mi ń fún ọmọ lọ́mú láàárín àwọn obìnrin. Ọmọ náà kò tíì pé oṣù méjì. Ìyàwó mi kò dìde, ó kàn gbé ohùn sókè: "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ̀yin tí ẹ kò tẹ́ ẹní dè é rí, ṣé kì í sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nílé yín ni?"

Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́. Bàbá náà pàápàá rẹ́rìn-ín, ó sì jókòó.

Ọkùnrin kan wà nínú wa tó ń fi alùpùpù gbé èrò láti Lougba lọ sí Bantè. Onízẹ́mì là ń pè é. Rédíò kì í kúrò létí rẹ̀; ti Nàìjíríà ni o, ti Kútọnú ni o, gbogbo rẹ̀ ló ń gbọ́. Ó ní, "Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jiyàn ọ̀rọ̀ yìí. Kí wọ́n fi owó kún bíà àti sìgá ló dáa. Àwọn tó ń ba ara wọn jẹ́ ni kó máa san owó oògùn."

Aránṣọ kan tó jẹ́ Mùsùlùmí yíjú sí i. "Ìyẹn ni pé kí n máa gbàdúrà kí àwọn ọ̀mùtí máa mu ún dáadáa, kí ọmọ tèmi lè rí abẹ́rẹ́ gbà?"

Ẹ̀rín gba ibẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n opó kan tó ń ta gaàrí kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Lóṣooṣù kẹ̀? Bí iṣu èṣí bá ti tán, tí tuntun kò tíì jáde, iyọ̀ tí n ó fi sebẹ̀ gan-an máa ń di wàhálà. Kí ni kí n mú wá ní oṣù yẹn?"

Obìnrin ará Savalou yẹn kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní bí ètò ṣe wà nìyẹn, kí á lọ rò ó, pé òun ń padà bọ̀. Mo sìn ín dé ìdí alùpùpù rẹ̀. Bó ti ń de ìborí rẹ̀, ó rọra sọ fún mi ní Faransé pé, "Ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn yín ń sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé e dé ibi tí wọ́n ti máa gbọ́ ọ?"

Ó tan alùpùpù, ó sì lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ro ọ̀rọ̀ náà lórí ebè. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé àwọn tó ń gba owó oṣù ló ṣe ètò yẹn. Oṣooṣù ni tiwọn ń dé. Ilẹ̀ ló ń san tiwa, ọdọọdún ni ilẹ̀ sì ń san án, lẹ́yìn tí iṣu bá ta tàbí tí kajú bá so. Ohun kejì tí mo rí ni pé kò sí ìgbà kan nínú ọdún tí apá wa ṣófo. Ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ nílé ní apá méjì. Bí ẹnì kan bá fẹ́ dá oko ńlá, ó máa ń bẹ ọ̀wẹ̀, a ó sì lọ. Ta ló ní gbogbo ìlú kò lè bẹ ara rẹ̀ lọ́wẹ̀?

Nígbà tí a tún pàdé, mo dìde. Mo ní, "Bàbá, ẹ fún wa ní ilẹ̀ kan tó ti sinmi. Kí á para pọ̀ dá oko iṣu kan. Kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Bí a bá wú u, kí á tà á, ohun tó bá mú wá ni kí á fi san ti gbogbo ìlú lẹ́ẹ̀kan náà."

Baálẹ̀ na ọwọ́ sí ọ̀nà ìlú Agoua, ó ní, "Ilẹ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀ lẹ́yìn odò yẹn ti sinmi tó ọdún mẹ́jọ. Ẹ lọ ṣán an." Ariwo ayọ̀ ta. Onízẹ́mì gbá mi lẹ́yìn. Orí mi wú. Ká ní mo jókòó nígbà yẹn ni, ì bá dára fún mi. Ṣùgbọ́n mi ò jókòó.

Mo ní, "Ó ku ohun kan. A máa kọ orúkọ ẹni tó bá wá síbi iṣẹ́. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, kò ní ìpín nínú káàdì. Ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́, kó má jẹun."

Àwọn ọkùnrin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ ń kan sáárá. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn ìyá ìyàwó mi láti àárín àwọn obìnrin. Ojú Màmá ti ń ṣú láti bí ọdún mélòó kan. Òjìji èèyàn ló ń rí, kì í rí ojú èèyàn mọ́. Ẹ̀gúsí ló ń bó lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró bó ti ń sọ̀rọ̀.

"Ọkọ ọmọ mi, mo ní ìbéèrè kan."

Mo fi ọwọ́ kan ilẹ̀. "Màmá, mò ń gbọ́ yín."

"Ọmọ tí ìyàwó rẹ gbé lọ́wọ́ yìí, ebè mélòó ni yóò kọ?"

Ẹ̀rín ti ń jáde lẹ́nu àwọn kan. Mo ní, "Màmá, èmi ni n ó kọ tirẹ̀."

"O ṣeun. O máa kọ tirẹ̀ nítorí pé agbára rẹ̀ kò tíì dé. Ẹni tí agbára tirẹ̀ ti lọ ńkọ́?"

"Màmá, èmi náà ni n ó kọ tiyín. Kò sí ẹni tó máa yọ yín sílẹ̀."

"Mi ò bẹ̀ ọ́." Ó da ẹ̀gúsí tó ti bó sínú igbá. "Èmi bí ọmọ, mo sì ní ọkọ ọmọ tó lápá. Ọkùnrin arọ tó ń gbé lẹ́yìn mọ́sálásí kò ní àna. Obìnrin tí wárápá máa ń mú kò ní ọkọ. Ta ni yóò kọ tiwọn?"

Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n bá ìyá ìyàwó mi jiyàn níta gbangba. Ṣùgbọ́n mo rò pé òótọ́ wà lọ́dọ̀ mi. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Bí a bá ṣí ìlẹ̀kùn yẹn, àwọn ọ̀lẹ á sá pamọ́ sẹ́yìn àwọn aláìlera."

"Wọ́n á sá pamọ́ lóòótọ́. Pẹ̀lú ojú mi tí kò ríran yìí, mo mọ ọ̀lẹ mẹ́ta tó jókòó níbí." Gbogbo èèyàn ń wo ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Ìtìjú ni kí ẹ fi mú ọ̀lẹ. Ẹ má torí ọ̀lẹ gba oògùn lẹ́nu aláìsàn. Ìwọ alára, ṣé ọkọ́ ni o gbé lọ́wọ́ wáyé? Ta ló kọ ebè iṣu tí o jẹ kí o tó lè dá ọkọ́ gbé? Àwa ni. A ti san tiwa, ọkọ ọmọ mi. A san án kí o tó mọ orúkọ ara rẹ."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Baálẹ̀ wò mí bóyá mo ní èsì. Mo jókòó.

Inú bí mi délé. Ìyàwó mi gbé oúnjẹ fún mi, ó ń wò mí títí mo fi jẹ òkèlè mẹ́ta, ó wá bú sẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti gbé ọmọ sílẹ̀. Mi ò bá a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí mo ti wà lóko lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ Màmá ń bá mi kọ ebè. Mo rántí ọdún tí sòbìà yọ sí mi lẹ́sẹ̀. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ó yọ sí bàbá mi náà lẹ́sẹ̀ ní àkókò kan náà, àwa méjèèjì sì ṣubú lulẹ̀ ní ìgbà ebè. A dùbúlẹ̀ nínú yàrá kan, à ń wo aràn náà bó ṣe ń jáde díẹ̀díẹ̀, tí a ń wé e mọ́ igi tínrín. Oko bàbá mi kò sì di igbó. Àwọn ará ìlú ló kọ ebè wa. Ọkọ Màmá, tó ti kú báyìí, wà lára wọn. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lójú fèrèsé nígbà tó wá sọ fún bàbá mi pé wọ́n ti parí. Kò sí ẹni tó kọ orúkọ wa sílẹ̀ lọ́dún yẹn. A jẹ iṣu.

Mo sọ ọkọ́ kalẹ̀, mo lọ bá Màmá nílé rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀.

Ó ní, "Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Màmá. Ẹ borí."

"Mo borí kẹ̀? Ṣé a ń jà ni?" Ó na ọwọ́, ó wá orí mi kàn. "Dìde, kí o lọ sọ fún wọn."

Mo lọ sọ fún wọn. Ìlú fẹnu kò pé gbogbo orí tó ń sùn ní Lougba ni yóò wà nínú ìwé, ẹni tó lè gbé ọkọ́ àti ẹni tí kò lè gbé e.

Ó ku àwọn aláṣẹ. Wọ́n pe aṣojú àwọn ìlú Bantè àti Savalou sí ìpàdé kan ní Savalou, wọ́n sì rán mi. Gbọ̀ngán náà tóbi, fáànù ń yí lókè, àga ọ̀tọ̀ ni ti àwọn ọ̀gá. Nígbà tó kàn mí, mo fi Faransé mi tí kò tó nǹkan ṣàlàyé oko wa. Ọ̀gá kan tó wọ gíláàsì gbọ́ mi tán, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Arákùnrin, èrò yín dára. Ṣùgbọ́n oko kì í ṣe ìdánilójú. Ìwé wa ní àyè fún owó àti fún oṣù. Kò ní àyè fún iṣu. Bí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀ ńkọ́?"

Mo fẹ́ dá a lóhùn, Faransé sì tán lẹ́nu mi. Ọ̀rọ̀ kún inú mi, ọ̀nà tí yóò gbà jáde ni kò sí. Mo wá ní, "Ẹ forí jì mí, èdè mi ni n ó sọ."

Àwọn kan ń kùn. Ìgbà yẹn ni obìnrin tó wá bá wa ní Lougba dìde láti ẹ̀yìn. Ẹ̀yà Mahi ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ará Bantè ni ìyá rẹ̀. Ó ní, "Kó máa sọ ọ́. N ó túmọ̀ rẹ̀." Èmi tí mo ti ń túmọ̀ fún àwọn ẹlòmíràn láti ọjọ́ yìí wá, ẹnì kan dìde láti túmọ̀ fún mi.

Ara mi balẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, bí òjò bá kọ̀, kí ni ẹ rò pé àgbẹ̀ yóò fi san owó oṣù? Inú ilẹ̀ kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde. Bí ẹ bá lọ gba owó lọ́wọ́ opó nígbà tí kò ní iyọ̀ nílé, kò ní san, ẹ ó sì yọ orúkọ rẹ̀. Oṣù yẹn gan-an ni ibà máa ń mú ọmọ rẹ̀. Bí ẹ bá dúró de ìgbà tí iṣu bá ta, ẹ ó gbà á lọ́wọ́ gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan, ẹnikẹ́ni kò ní sá. A kò bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí ohunkóhun jì wá. Ìgbà tí a máa san án ni à ń bá yín sọ."

Obìnrin náà túmọ̀ rẹ̀, kò bù ú kù. Mo gbọ́ Faransé tó láti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ kan tó wá láti Djaloukou dìde, ó fi èdè Mahi sọ̀rọ̀ fatafata, àwọn ará Savalou sì pàtẹ́wọ́ fún un. Mo bi obìnrin náà pé kí ló sọ. Ó ní, "Ó ní bí wọ́n bá gbà fún Lougba, kí wọ́n má gbàgbé Djaloukou."

Àwọn ọ̀gá fi orí kan orí. Ó pẹ́. Nígbà tí wọ́n jókòó padà, ọ̀gá onígíláàsì yẹn ní kí á fi ọdún kan dán an wò: kí Lougba kọ orúkọ gbogbo ará ìlú sínú ìwé kan, kí á san án lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́yìn ìkórè. Mi ò rántí bí mo ṣe jáde. Mo kàn rántí pé mo wà lẹ́yìn Onízẹ́mì lórí alùpùpù, tí à ń kọrin bá eruku lọ, tí àwọn èèyàn ẹ̀bá ọ̀nà ń wò wá bí ẹni tó ti mutí yó.

Ọjọ́ tí a kọ ebè, Lougba ṣófo. Kò sí ẹni tó kù nílé àfi àwọn ewúrẹ́. Àwọn ọkùnrin tò lọ lójú ilẹ̀, ọkọ́ ń ró, ebè ń ga sókè lẹ́yìn wa ní ìlà-ìlà. Àwọn obìnrin ń se oúnjẹ, wọ́n ń gé ẹ̀ẹ̀bù, wọ́n ń pọn omi. Arọ ẹ̀yìn mọ́sálásí ní kí wọ́n gbé òun wá. Ó jókòó sórí òkúta kan, ó ń lọ ọkọ́ fún ẹni tí tirẹ̀ bá kújú, ó sì ń bú ẹni tó bá ń fà sẹ́yìn débi pé ara kò gba ẹnikẹ́ni láti sinmi. Ní ti àwọn ọ̀lẹ tí Màmá sọ, kò dárúkọ wọn rí títí dòní. Nítorí ìyẹn, ó tó ènìyàn mẹ́wàá tó ti dé oko ṣáájú mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí a má baà rò pé àwọn ni.

A pe oko náà ní Oko Ara. Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀.

Kò rọrùn délẹ̀. Lẹ́yìn ọyẹ́, òjò àkọ́rọ̀ pẹ́ kó tó dé. Lójoojúmọ́ ni mò ń lọ gbẹ́ ebè kan wò, bóyá ẹ̀ẹ̀bù ti ń jẹrà. Àgbàlagbà tó ní kí á má tẹ́ ẹní de àìsàn ń kí mi lójú ọ̀nà, mo sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Òjò wá rọ̀ lọ́jọ́ kan láti ìyálẹ̀ta títí di ìrọ̀lẹ́, ó rọ̀ bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìtakùn iṣu ti ń gun ọ̀pá.

Iṣu tí a wú nínú Oko Ara lọ́dún yẹn, mi ò tíì rí irú rẹ̀ lórí ilẹ̀ tèmi. Àwọn kan gùn tó apá. Oníṣòwò kan wà ní Bantè tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Nàìjíríà; ó gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá. Ó ń yí iṣu wò, ó ń mi orí bí ẹni tí iṣu náà kò wù. Ó ní, "Ta ni kí n bá nájà? Ta ló ni iṣu?"

Baálẹ̀ ní, "Àwa náà ni."

"Gbogbo yín?"

"Gbogbo wa."

Ó wo èrò tó yí i ká, ọkùnrin, obìnrin, àti arúgbó, gbogbo wọn ń wo ẹnu rẹ̀. Ó ní, "Mo ti nájà láti Ìbàdàn dé Páráku, odindi ìlú kò tíì bá mi nájà rí." Iye tí ó dá lẹ́yìn náà tẹ́ wa lọ́rùn. Nígbà tó fẹ́ lọ, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bi mí bóyá ẹni tó ń gbé Bantè lè bá wa dá oko.

Ọjọ́ tí káàdì dé, obìnrin ará Savalou yẹn ló kó wọn wá. A to ìjókòó síwájú ilé baálẹ̀, mo sì ń pe orúkọ. Bí mo bá ti pe ọ̀kan, ìlú á hó. A hó fún baálẹ̀, a hó fún opó oní-gaàrí, a hó fún obìnrin oníwárápá, ó sì jó wá gba tirẹ̀. Nígbà tí mo pe arọ, àwọn ọkùnrin mẹ́rin gbé òun àti àga rẹ̀ sókè.

Kò pẹ́ tí ìyàwó Onízẹ́mì fi bẹ̀rẹ̀ sí rọbí. Agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ni. Agbẹ̀bí ilé ìwòsàn wa yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ọmọ náà dábùú, kí á gbé e lọ sí Savalou kíákíá, iṣẹ́ abẹ ni. A rí ọkọ̀ kan. Wọ́n ní kí n tẹ̀ lé wọn nítorí ìwé kíkà. Jálẹ̀ ọ̀nà, Onízẹ́mì di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú. Mo mọ ohun tó ń rò. Láyé àtijọ́, kí á tó gbé irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ kúrò nílé, ọkọ á kọ́kọ́ yí ìlú ká, á máa kan ilẹ̀kùn. Àwọn kan wà tó kú kí ọkọ wọn tó padà délé.

Wọ́n gbé obìnrin náà wọlé ní Savalou. Mo na káàdì sí akọ̀wé tó wà lójú fèrèsé. Ó wò ó, ó kọ nǹkan sínú ìwé ńlá kan, ó dá a padà fún mi.

Mo dúró síbẹ̀.

Ó ní, "Kí ló tún kù?"

Mo ní, "Èmi ni mo fẹ́ bi yín bẹ́ẹ̀."

"Kò ku nǹkan kan. Ẹ lọ jókòó."

Mo lọ sọ fún Onízẹ́mì. Kò gbà mí gbọ́. Ó dìde, ó lọ bi akọ̀wé náà fúnra rẹ̀. Ó padà wá jókòó, ó fi fìlà bo ojú. Mo gbé ojú mi kúrò lára rẹ̀, mo ń wo ọgbà. Kò tó wákàtí méjì lẹ́yìn náà tí a gbọ́ igbe ọmọ. Obìnrin ni. Igbe rẹ̀ le débi pé àwọn tó jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀ wálé, àwọn èèyàn ti pàdé wọn kí ọkọ̀ tó dé Lougba. Wọ́n fi oko sílẹ̀ tọkọ́tọkọ́, tàdátàdá. Àwọn obìnrin gba ọmọ náà, wọ́n ń gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń jó lọ níwájú ọkọ̀. Awakọ̀ fun fèrè títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Àgbàlagbà tó ní kí á má tẹ́ ẹní de àìsàn, mo rí i bó ti ń jó nínú eruku. Ọ̀pá rẹ̀ wà lókè, kò fi kan ilẹ̀ rárá.

Wọ́n ṣì ń jiyàn lórí rédíò nípa ẹni tó yẹ kó san án. Mo máa ń gbọ́ ọ. Àwọn kan ní ìjọba ni, àwọn kan ní ọlọ́rọ̀ ni, àwọn mìíràn ní kí kálukú gbé ẹrù rẹ̀. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má jiyàn. Oko tiwa kò lè tọ́jú orílẹ̀-èdè, mo sì rò pé àwọn tó lówó jù wá lọ ní iṣẹ́ tiwọn láti ṣe. Ṣùgbọ́n ọdún kan tí wọ́n ní kí á fi dán an wò ti kọjá, ẹnikẹ́ni kò sì wá sọ fún wa pé kí á dáwọ́ dúró.

Láìpẹ́ yìí ni àwọn ọkùnrin mẹ́ta wá láti Agoua. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ojú ara wọn rí oko náà. Mo mú wọn yí i ká. Wọ́n ń bi mí léèrè: báwo ni ẹ ṣe pín iṣẹ́, ta ni ó ń ṣọ́ ọ, kí ni ẹ ṣe sí ẹni tó bínú? Mo sọ gbogbo ohun tí mo mọ̀, mo sì sọ ibi tí a ti ṣìṣe. Èyí àgbà nínú wọn bẹ̀rẹ̀, ó bu ilẹ̀ mú, ó fọ́ ọ lọ́wọ́, ó ní ilẹ̀ tiwọn dúdú jù báyìí lọ. Òjò ti ń ṣú, ọ̀nà Agoua kì í sì ṣe ọ̀nà tí èèyàn ń bá òjò rìn. A bá wọn so àpò ẹ̀ẹ̀bù méjì mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, a ní kí wọ́n máa lọ. A ti gbọ́ pé wọ́n ti ṣán ilẹ̀.